Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tíìmù róbọ́ọ̀tì wa: a ti pinnu o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ rántí pé mo bèèrè níbí pé ṣé kí àwọn ọmọ tíìmù FIRST LEGO League wa (ìdíje róbọ́ọ̀tì fáwọn ọmọ iléèwé) gbìyànjú gbogbo míṣọ̀n, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí róbọ́ọ̀tì máa ṣe lórí tábìlì, ni, àbí ká mú díẹ̀ ká ṣe é dáadáa. Ó ti yanjú, díẹ̀ la mú.

Àwọn ọmọ ò kọ́kọ́ gbà o, wọ́n ní ojo ni mí, àmọ́ nígbà tá a tan tàímà tí ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ tí wọ́n ń fún róbọ́ọ̀tì pé tí róbọ́ọ̀tì ṣì ń wá ọ̀nà àtipadà sílé, kálukú bá panu mọ́. A wá kó àwọn míṣọ̀n tó súnmọ́ra pọ̀ sí ìrìn 3, apá róbọ́ọ̀tì kan fún ìrìn kan, torí títú apá kan ká so òmíì mọ́ ọn ló ń jẹ àkókò wa léṣìí. A ò sì ní máa sáré gbé róbọ́ọ̀tì láàárín pápá mọ́, torí token tó ní máàkì 6 péré ni wọ́n ń fún èèyàn, tẹ́ ẹ bá sì gbé e báyẹn, ọ̀kan lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má fojú di project (iṣẹ́ ìwádìí tí tíìmù máa ṣàlàyé fáwọn adájọ́), ẹ ṣé gan-an. Máàkì orí tábìlì ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, èmi sì ń fi gbogbo Sátidé lé róbọ́ọ̀tì nìkan, àṣìṣe mi nìyẹn. Ọmọ méjì ti gba project báyìí, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kí n dá sí i.

Ó ku bátìrì tá a máa cháàjì, tí NEPA bá gbà. Mo ti pa thread yìí dé o.