Ọkọ̀ àlòkù wo ni mo lè rà báyìí, tí gbogbo èèyàn yóò máa wá lọ́jọ́ iwájú?

Awakọ̀Ìrọ̀lẹ́:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àkókò yìí o. Mo ti ní ọkọ̀ tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ìyẹn kò ní mi lára. Èyí tí mo fẹ́ rà báyìí ni èyí tí n ó máa gbé jáde lópin ọ̀sẹ̀, tí n ó máa fọwọ́ ara mi tún ṣe díẹ̀díẹ̀, tí n kò sì ní pàdánù lórí rẹ̀ bí mo bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Owó mi kò pọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn láti kékeré ti gbówó lórí kọjá ibi tí ọwọ́ mi lè tó. Honda S2000 ni mo kọ́kọ́ wò, mo sì tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Mẹ́ta ló kù lọ́kàn mi: Mazda MX-5 ìran kejì (1998 sí 2005), Porsche Boxster àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní 986, àti Mercedes W124. Jíà mánúà ni mo fẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mo mọ bíréèkì tún ṣe, ṣùgbọ́n mi ò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ rí. Èwo lẹ rò pé yóò níye lórí jù? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Bí òmíràn bá sì wà tí mi ò dárúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Alágbẹ̀dẹỌkọ̀:

Àbúrò, o káre. Iṣẹ́ ara ọkọ̀ ni mo fi ayé mi ṣe, páànù lílù, irin jíjó, ọ̀dà kíkùn, nítorí náà ojú oníṣẹ́ páànù ni n ó fi dá ọ lóhùn.

Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, jíà ṣeé pààrọ̀, ara ọkọ̀ ni kò ṣeé pààrọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì MX-5 bá kú, òmíràn wà nínú ọkọ̀ tó forí sọ igi níbìkan. Ṣùgbọ́n bí irin abẹ́ rẹ̀ bá ti dípẹtà wọnú, owó tí wọn ó gbà láti gé e kí wọ́n sì jó tuntun sí i lè ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ wá bá mi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa, àmọ́ tí a kò rí ibi tí a lè ki jáàkì bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí irin má ya. Ẹni tó ni ín dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ fún mi bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe lágbára tó. Èmi wà nísàlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ rún ilẹ̀ ọkọ̀.

Ní ti èwo ni yóò di klásíìkì, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí èèyàn ń wá kiri, ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé kí o wá èyí tó ṣọ̀wọ́n. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n tí ẹnikẹ́ni ò béèrè pọ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ tó jẹ́ ìkẹyìn nínú irú rẹ̀ ni kí o wá. Wo S2000 tí o ní ọwọ́ rẹ ò tó: ẹ́ńjìnnì lítà méjì péré, kò sí tọ́bò, síbẹ̀ ó ń yí ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 2009, Honda ò sì gbé irú rẹ̀ jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lónìí, inú èyí tó ti wà nílẹ̀ ni yóò ti yàn, èyí tó wà nílẹ̀ sì ń dín kù lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí fún sítíárì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́. Iná mànàmáná ló ń yí sítíárì ọkọ̀ tuntun báyìí, ẹni tó bá sì ti wa ti àtijọ́ rí mọ ohun tó ti lọ: ọwọ́ rẹ ń mọ̀ bí táyà bá fẹ́ yọ̀, kí ó tó yọ̀.

MX-5 ni n ó yàn fún ọ. Ní 1989 ni ìran àkọ́kọ́ jáde, èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń dìde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lajú. Gbogbo ayé fẹ́ràn iná yẹn, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi gòkè. Ìran kejì kò ní iná bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbójú fò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwà lójú ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì níwájú, agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, jíà rẹ̀ kúrú, ó sì ń wọlé ṣin-ṣin. Wọ́n ti ṣe MX-5 kọjá mílíọ̀nù kan ní 2016. Má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà ọ́. Torí pé wọ́n pọ̀ ni páàtì ṣe wà. Mazda fúnra rẹ̀ kéde ní 2017 pé òun yóò máa tún ìran àkọ́kọ́ ṣe fún àwọn tó ni ín ní Japan, òun yóò sì tún máa ṣe àwọn páàtì kan tí kò sí lọ́jà mọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá padà wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ àtijọ́ ti sọ fún ọ pé ọkọ̀ yẹn kò ní parẹ́.

Níbi tí wàá ti fara balẹ̀ nìyí. Òrùlé MX-5 aṣọ ni. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á sì jáde nísàlẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Ewé àti ìdọ̀tí ló máa ń dí ihò yẹn. Bó bá ti dí, omi á dúró sínú irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, irin á sì máa jẹ láti inú wá. Tí ìpẹtà bá fi yọ sójú ọ̀dà, inú ti lọ tipẹ́. Mú ìgò omi dání lọ. Sí òrùlé díẹ̀, da omi díẹ̀ sí ihò náà, kí o sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá jáde kíákíá, ó dára. Bí kò bá jáde, tàbí tó ń jò níbi tí kò yẹ, bi ẹni tó ń tà á léèrè ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì: wo abẹ́ iwájú rẹ̀. Irin gígùn méjì kan wà lẹ́yìn bọ́ńpà tó di iwájú ọkọ̀ mú. Ti ìran kejì jẹ́ irin onípele méjì, omi sì máa ń há sáàárín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kú. Mú iná tọ́ọ̀ṣì, mú òòfà tí o fi aṣọ wé kó má bàa ha ọ̀dà. Níbi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ tàbí ti táyà ẹ̀yìn, pọtí, ẹ̀rọ̀fọ̀ tí a fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ni wọ́n fi bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

ỌmọMẹ́sí:

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀gbọ́n. Èmi dúró ti W124 o. Láti 1984 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣì ń rìn títí dòní. Ẹ wo wáípà rẹ̀: ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níwájú, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí ló ń nà tí ó sì ń súnkì, kó lè dé igun dígí lókè. Ta ló tún ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ lórí wáípà lónìí? 500E, W124 tó lágbára gan-an tí Porsche bá Mercedes kó jọ, ti kọjá agbára wa. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣe ń gbówó lórí ni ojú èèyàn á máa yí sí àwọn àbúrò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún ni wáyà ẹ́ńjìnnì lára àwọn tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bíi 1993 sí 1995. Ooru abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ń jẹ awọ wáyà yẹn, á máa rún dànù. Rọra tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń já, tí wọn ò sì tíì pààrọ̀ rẹ̀, yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú iye tí o fẹ́ san. Mánúà wà lára W124, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìrìn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá jẹ́ eré kọ́nà lo fẹ́, kì í ṣe tìrẹ.

AdúróTi986:

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀ kò bá Boxster mu. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè gbówó tó ọkọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Béárìn kékeré kan wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pá tó ń darí káàmù, IMS ni wọ́n ń pè é. Bó bá fọ́, ẹ́ńjìnnì lè bà jẹ́ pátápátá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́, mo sì ń wa tèmi láìbẹ̀rù, torí mo mọ ohun tí mo ṣe sí i. Wọ́n ní láti sọ àpótí jíà kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n pààrọ̀ béárìn náà pẹ̀lú. Béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí kò bá sí ìwé, tú fílítà ọ́ìlì palẹ̀, gé e, kí o sì wò ó bóyá irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀.

Bí o bá wa ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, wàá mọ ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn rẹ gan-an, àárín ọkọ̀ ló wà, ó sì ń yípo kọ́nà láìjanpata.

Alágbẹ̀dẹỌkọ̀:

Òótọ́ lo sọ nípa 986, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Porsche ti fi síǹkì bo irin rẹ̀ kó má bàa dípẹtà, ara rẹ̀ kì í fún èmi níṣẹ́ àyàfi tó bá forí gbá nǹkan. Lórí ìyẹn, lo owó àyẹ̀wò rẹ sínú ẹ́ńjìnnì. Lórí MX-5, lò ó sábẹ́ ọkọ̀. Bí àbúrò wa kò bá tíì tú ẹ́ńjìnnì rí, MX-5 ni mo ṣì dúró lé.

Ó tún béèrè òmíràn. Peugeot 406 Coupé, láti 1997. Pininfarina, ilé iṣẹ́ ayàwòrán ọkọ̀ ní Ítálì, ló yà á, òun náà ló sì kọ́ ọ. N kò rí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú míì tí ìlà ara rẹ̀ ń wọ̀ mí lójú tó bẹ́ẹ̀: bí òrùlé ṣe rọra dà sórí búùtù, ìlà kan ṣoṣo ni, kò já níbìkankan. Ṣùgbọ́n iná àti páànù rẹ̀ kò bá 406 yòókù mu, nítorí náà ra èyí tí kò dín ohunkóhun. Toyota Celica tó jáde ní 1999 náà dára, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2ZZ, ẹ́ńjìnnì kan náà tí Lotus wá gbé sínú Elise, ọkọ̀ eré wọn.

OjúỌjà:

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí. Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tí wọn ò tà níbẹ̀ rí wọlé tó bá ti pé ọdún 25, láìbéèrè òfin ààbò tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá súnmọ́ ọdún yẹn, owó rẹ̀ lè gbéra, torí àwọn ará Amẹ́ríkà náà á máa wá a. Kí o rà á ṣáájú ọdún náà.

Awakọ̀Ìrọ̀lẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. MX-5 ìran kejì kan wà tí mo fẹ́ lọ wò, n ó mú ìgò omi àti òòfà lọ. Ìṣòro kan: ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ àga, sítíárì, àti rííìmù táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní òun fi kún iye rẹ̀ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Alágbẹ̀dẹỌkọ̀:

Kò fi kún un lójú ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ọ̀la. Béèrè ibi tí àwọn ti àkọ́kọ́ wà. Bí wọ́n bá ṣì wà ní gáréèjì rẹ̀, sọ pé o fẹ́ kó wọn lọ pẹ̀lú ọkọ̀, títí kan ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ kejì. Rííìmù táyà ṣeé rí, sítíárì náà ṣeé rí. Àga ló máa ń ṣòro, pàápàá tí àwọ̀ rẹ̀ bá bá inú ọkọ̀ mu. Bó bá ti sọ wọ́n nù, má bínú, ṣùgbọ́n dúnàá-dúrà daadaa.

Bí o bá dé ibẹ̀, ya fọ́tò àwọn irin méjì ẹ̀yìn bọ́ńpà yẹn látọ̀tún látòsì, kí iná tọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ sí i, kí o sì gbé e síbí kí o tó fún un ní kọ́bọ̀. N ó wò ó fún ọ.