Ṣé kíkọ́ gbòǹgbò Látìnì àti Gíríìkì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì JAMB?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. JAMB ni mo fẹ́ ṣe, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ lọ kà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà mí láàmú, òun náà ló tún wá ní ìbéèrè tó pọ̀ jù, 60, àwọn yòókù 40 40. Tíṣà wa ní lẹ́sìn ní ká yéé há ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pín bébà kan fún wa tí gbòǹgbò Látìnì àti Gíríìkì, ìyẹn àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi hun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kún fọ́fọ́, ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń há a, tí n bá wọ mọ́tò ní Mọ́kọ́lá kí n tó dé Dùgbẹ̀ gbogbo ẹ̀ ti fò lọ. Ṣé ẹnì kan ti gba ọ̀nà yìí rí tó ṣiṣẹ́ fún un?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àgàgà fún ìwọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Àmọ́ gbé bébà yẹn sílẹ̀ ná, inú ọ̀rọ̀ tó o ti mọ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. O ṣáà mọ appendicitis? -itis yẹn, Gíríìkì ni, ibi tó wú tó ń ta èèyàn ló ń sọ. Hepat- ni ẹ̀dọ̀, nephr- ni kíndìnrín, gastr- ni ikùn, o ti rí i pé hepatitis, nephritis àti gastritis ti já sí ẹ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni hydrophobia, omi ni hydro-, ẹ̀rù ni phobia. Orúkọ tí wọ́n ń pe dìgbòlugi láyé àtijọ́ nìyẹn, torí ẹni tó bá mú, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ á máa fún pọ̀ tó bá fẹ́ gbé omi mì, tó bá yá ó lè jẹ́ pé tó bá kàn rí omi lásán jìnnìjìnnì á bò ó. Látọjọ́ tí wọ́n ti là á yé wa mi ò gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Ará Àgbowó:
Ṣé ẹ ò rí i pé à ń ṣe é lédè tiwa náà? Àì- tó wà nínú àìsùn, àìmọ̀. An- ti Gíríìkì ló wà nínú anaemia, kí la ń pe anaemia? Àìtó ẹ̀jẹ̀! Látìnì tiẹ̀ wà lára àmì UI níbí, Recte Sapere Fons. Fons, ìyẹn orísun, ló bí fountain, mọ̀lẹ́bí correct ni recte, ìyẹn lọ́nà tó tọ́, ẹ tún wo sapere, ìyẹn kéèyàn gbọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Homo sapiens, orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe àwa èèyàn.

Bàbá Òjé:
Ẹ rọra o. Ped- ti Látìnì, ẹsẹ̀ ni, bíi pedestrian. Paed- ti Gíríìkì, ọmọdé ni, bíi paediatrics, bẹ́ẹ̀ àwọn Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ ní pediatrics, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Octo- ni mẹ́jọ, oṣù kẹwàá sì ni October, torí March ni ọdún àwọn ará Róòmù fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà kan. Kí àlejò mọ̀ pé Ẹ̀bá Ọ̀dàn ló di Ìbàdàn, ṣé ìyẹn á júwe Mápó fún un? Gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ kà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an ni, ó ti ń yé mi. Pedicure wá ńkọ́, ti ẹsẹ̀ ni àbí ti ọmọ?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì:
Ẹsẹ̀ ni jàre 😂 cura ni ìtọ́jú.