Wọ́n ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp, ṣé ká gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ ni?

IyaDami_Akure:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS1 níbí ní Àkúrẹ́, ọmọ ọdún 14 ni. Ó ti ń ṣe mí ní kàyéfì pé tí fóònù ẹ̀ bá ti dún báyìí á yára dojú ẹ̀ délẹ̀, oúnjẹ alẹ́ Sunday kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀, tó bá wá di àárọ̀ Monday á ní inú ń run òun, a ṣe tẹ́ẹ̀sì títí wọn ò rí nǹkan kan. Àbúrò ẹ̀ ló tú àṣírí. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó ti sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì school, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, wọ́n gé orí ẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ewúrẹ́, wọ́n kọ "Ẹlẹ́nu Gáréèjì" sí i, wọ́n fi ṣe sítíkà. Kó ṣáà ti sọ̀rọ̀ ní gúrúùpù kíláàsì wọn, kódà kó kàn béèrè àsáímẹ́ǹtì, sítíkà yẹn ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Bàbá ẹ̀ ní ká gba fóònù ká fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

OmoOkeAro:
Bàbá ẹ̀ ò jẹ̀bi jàre. Nígbà tiwa wọ́n ń pe èmi ní Olórí Ìkòkò, mo wá orúkọ fún àwọn náà, ó parí.

Tisa_ObaIle:
Ẹ̀gbọ́n OmoOkeAro, nígbà tiwa tẹ́ ẹ bá ti délé eébú ti tán nìyẹn, ti ìsinsìnyí ń bá ọmọ wọ abẹ́ ìbora ni. Ìyá Dami ẹ má gbà á o, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ máa fìyà jẹ yẹn, tí wọ́n bá tún ṣe òmíì kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ screenshot gbogbo ẹ̀, kí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ àti déètì hàn kedere, kẹ́ ẹ tó blọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni, torí WhatsApp gbà kí wọ́n pa ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ rẹ́ lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n bá ti gbọ́ fìrìfìrì pé ẹ ti mọ̀, wọ́n á ti nu ẹnu nù. Ẹ wá ripọ́ọ̀tù ẹ̀ fún WhatsApp, wọn ò ní sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ẹ̀yin ni.

Seyi_futa:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ mà. Ẹ lọ sí Settings, Privacy, Groups. My contacts tí gbogbo èèyàn máa ń mú ò ṣiṣẹ́ fún irú èyí, ṣé ẹ rí i, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ náà wà nínú contact ẹ̀, "My contacts except" ni kó mú kó yọ àwọn tó ń dà á láàmú, wọn ò ní lè kàn wọ́ ọ sínú gúrúùpù tuntun mọ́. Àmọ́ ká sòótọ́, ẹni tó ṣe sítíkà kọ́ ló ń dun ọmọ yẹn jù, àwọn tó ń pè lọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rín olómijé sí i ni. Ẹ bi í pé ta ni ò fi ránṣẹ́ rí nínú wọn. Ẹni yẹn ni kó sún mọ́.

Loya_Ondo:
Tí wọ́n bá ti ń lérí pé àwọn máa lù ú, tàbí tí fọ́tò ìhòòhò bá wọ̀ ọ́, ó ti kúrò ní yẹ̀yẹ́, ọlọ́pàá ló kàn. Òfin Cybercrimes ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ẹ wo abala 24 ẹ̀. Ti sítíkà ewúrẹ́ yìí, school lẹ máa kọ́kọ́ gbé e lọ.

IyaDami_Akure:
Ẹ ṣé gan-an. A ti screenshot, ó sunkún, ó sì jẹun. Ó ní kí n má dé school àwọn o, pé wọ́n á tún fi ìyẹn ṣe òmíì. Tísà, ta ni kí n lọ bá?

Tisa_ObaIle:
Kánsẹ́lọ̀ school wọn ni, tísà tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ẹ má lọ bá òbí ọmọ kankan ní géètì, ìjà ló máa dà. Ẹ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, kẹ́ ẹ lọ lẹ́yìn aago mẹ́rin tí àwọn ọmọ ti lọ tán, kẹ́ ẹ sì ní kó má dárúkọ ọmọ yín tó bá fẹ́ bá kíláàsì sọ̀rọ̀.