Ilé tí oòrùn ń wọ̀ kọjá ààlà: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Bàsírì
Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, àkọ́kọ́ tí màá kọ nìyí. Oṣù keje la wá wo ilé tí a wà yìí, ní Adó. Ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ náà, òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì. Ẹ́jẹ́ǹtì ṣí fèrèsé pálọ̀ báyìí, ó ní, "Mà, ẹ wo ìmọ́lẹ̀! Ẹ ò ní í tan iná lọ́sàn-án níbí." Kò purọ́. Ìparí oṣù kẹwàá la kó wọlé. Láti oṣù kọkànlá títí di òní, bó bá ti lu aago méjì, oòrùn á gba fèrèsé yẹn wọlé, á jókòó ti wá títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Awọ àga tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán ti ń bó. Kọ́tínì pupa tí mo rán nítorí ilé tuntun ti ṣì, ẹ ò lè mọ àwọ̀ tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìbejì ò jẹ́ jókòó sí pálọ̀ mọ́, kọ́rídọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé irú ilé báyìí rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ má ní kí n ra éésì o. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe.

Ọmọ Olósùnta
"Ẹ ò ní í tan iná lọ́sàn-án." Ẹ́jẹ́ǹtì yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Káfíńtà Ajílòṣùn
Ẹ jọ̀ọ́ mà, fèrèsé yẹn, ibo ló kọjú sí? Ṣé ìwọ̀-oòrùn gangan ni, àbí ó yà sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, lápá gúúsù?

Ìyá Ìbejì Bàsírì
Ó yà sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ díẹ̀ sà.

Káfíńtà Ajílòṣùn
Ó tán! Ẹ̀bi yín kọ́, oṣù tí ẹ wò ó ló tàn yín. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, oòrùn wà lápá ọ̀nà Ìfàkì, ní àríwá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tàn sí fèrèsé yín, òjò sì tún bò ó lójú. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, á dúró gangan lé wa lórí lọ́sàn-án, òjìji èèyàn á kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa rọra lọ sápá Ìkẹ́rẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ ọdún Kérésìmesì kó tó yí padà. Oṣù kẹrin ló tún máa dé orí wa. Torí náà, àsìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni fèrèsé tó kọjú síbẹ̀ yẹn ń rí ọ̀ràn. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́lé: ẹ má wo ilẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kejì.

Tíṣà Àgbà
Ọ̀rẹ́ mi káfíńtà, o ṣeun. Àmọ́ oòrùn kì í lọ Ìkẹ́rẹ́ o. Ayé ló ń yí oòrùn ká, tó sì dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èyí.

Ọmọ Olósùnta
Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí fáànù ná.

Ọmọ Súkúù
Ṣé ẹ máa gbọ́ tèmi? Yàrá tí mo háyà létí EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, kò sí sílíìn níbẹ̀. Ìwọ, páànù, oòrùn, ó parí. Lọ́sàn-án, páànù yẹn máa ń dún "ká, ká, ká" bí ẹni pé ẹnì kan ń ju òkò sí i. Lálẹ́, bó bá ti ń tutù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo jáde síta láti lọ bá àwọn ọmọ tó ń ju òkò jà. Òrí tí ìyá mi fún mi láti fi pa ara ti di omi, inú ìgò ni mo ń dà á sí. Àbẹ́là tẹ̀, ó dorí kodò bí ẹni tí wọ́n nà. Ìwé kà mí láyà nínú yàrá yẹn, gbogbo kíkà tí mo kà, ìta lábẹ́ igi ni. Mo ṣáà jáde o.

Alátakò Rere
Ṣé ìwé kíkà lábẹ́ igi ló fà á tó fi jẹ́ "mo ṣáà jáde"?

Ọmọ Súkúù
Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Ayálégbé Òkè-Ìlá
Igi tí ẹ dárúkọ yẹn ló mú mi sọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ilé tí a gbé lọ́dún 2015 sí 2019, iwájú rẹ̀ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọjú sí. Ọdún àkọ́kọ́, ọkọ mi gbin igi furúùtù kan, èyí táwọn kan ń pè ní álímọ́ńdì, mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí omi ẹ̀rọ. Omi tí a fi fọ aṣọ, tí a fi ṣan ìrẹsì, ló ń mu. Tó bá di ọyẹ́, àwọn ọmọ mi á fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bu omi fún un kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, bí ẹni ń fún àbúrò lóúnjẹ. Nígbà tó máa fi pé ọdún mẹ́ta, òjìji rẹ̀ ti dé ojú fèrèsé. Ẹ ò mọ ohun tí mo ń sọ. Èmi tí mo máa ń sá lọ sẹ́yìn ilé ní aago mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní pálọ̀! Ìyá alákàrà kan bẹ̀ wá, ó gbé iná kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá àdúgbò gbé ọpọ́n ayò wá.

Lánlọ́ọ̀dù wa ń gbé Èkó. Ó wálé ọdún, ó jókòó sábẹ́ igi yìí, ó mu ẹmu wa, ó ní ibi yìí ti dà bí ààfin. Ó padà sí Èkó. Oṣù kejì, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé àáké àti àdá dé. Wọ́n ní ó ní kí àwọn gé e, pé gbòǹgbò rẹ̀ máa tú sọ́kawéè, pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síbẹ̀. Wọ́n gé e lójú àwọn ọmọ mi. Oṣù kẹrin, ó fi kún owó ilé. Ó ní ojú ilé ti là, ilé ti níyì. Mo gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá: kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan, kùkùté ló wà níbẹ̀.

Adúnní Ìlawẹ̀
Ẹ dúró ná. Ó mu ẹmu yín?

Ọmọ Olósùnta
Ẹmu ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Bàbá Ìjerò
Wọ́n gé igi, wọ́n tún fowó lé e. Èèmọ̀ rèé.

Alátakò Rere
Èmi ò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta? Igi wo ló ń ga dé fèrèsé láàárín ọdún mẹ́ta?

Ayálégbé Òkè-Ìlá
Furúùtù ni mo pè é, mi ò pè é ní ìrókò. Gbin ọ̀kan kó o wò ó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti kọ́kọ́ ṣíji bo ìsàlẹ̀ ògiri kó tó pé ọdún kan.

Onílé Ìwòròkò
Ẹ rọra fi lánlọ́ọ̀dù wọ́lẹ̀ o, nítorí èmi náà ní ilé tí mo fi háyà. Mi ò sọ pé ohun tí ẹni yẹn ṣe dára. Fífi owó lé e, ìwọra ni. Ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ mọ ohun tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń ṣe lápá ọ̀dọ̀ wa ni? Igi máńgòrò ló wó lu kíṣìnnì mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló san owó páànù? Èmi ni. Ayálégbé tó gbin máńgòrò náà ti kó lọ.

Adúnní Ìlawẹ̀
Màmá, ṣé ẹ ò lè máa gé ẹ̀ka rẹ̀ ni? Igi tí a ń gé lórí lọ́dọọdún kì í ga débi tí á wó lé ilé.

Onílé Ìwòròkò
Ta ni yóò máa gé e? Ìwọ?

Bàbá Ìjerò
Ìjì tó ń ṣí òrùlé, igi kọ́ ló rán an. Ibi tí kò sí igi rárá ni páànù ti ń fò jù.

Onílé Ìwòròkò
Èmi ṣáà ti sọ tèmi.

Màmá Ẹlẹ́lùbọ́
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ̀ pé ọlọ́rọ̀ ni yín. Ẹ bá mi gbé oòrùn yín wá. Ilé tí mo wà báyìí, òkè dí i níwájú, ilé alájà méjì dí i lẹ́yìn. Èlùbọ́ tó yẹ kó gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, á fi ọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀, á hu, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nílé mi àtijọ́, orí páànù ni mo ń sá a sí. Ata, ewédú, kòkó ọkọ mi, gbogbo ẹ̀ ń gbẹ kárakára. Àwọn ọmọ mi mẹ́rin, oòrùn àárọ̀ ni mo fi wo ojú wọn tó pọ́n nígbà tí mo bí wọn.

Nọ́ọ̀sì Adó
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìkókó, ẹ má gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú sínú oòrùn kẹ́ ẹ máa retí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ibà pọ́njú ìkókó tó bá pọ̀ jù lè ba ọpọlọ jẹ́. Iná tí a ń lò ní ọsibítù, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú oòrùn, oòrùn sì lè jó awọ ọmọ.

Màmá Ẹlẹ́lùbọ́
Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè, wọ́n sì mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ o, nọ́ọ̀sì.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ìyá ìyá mi ní ilé alámọ̀ kan lẹ́bàá òkè l'Ẹ́fọ̀n. Ògiri rẹ̀, ọwọ́ mi kò lè yí i ká láti ojú fèrèsé. Oòrùn á pa á láti àárọ̀ dalẹ́, inú ilé á tutù bí ìkòkò àmù. Bùrọ̀dá wa tó ń gbé òkè òkun ní ìtìjú ni, ó wó o, ó fi bílọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà kọ́ tuntun. Màmá gbé ibẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n ní kí wọ́n dá ulé àwọn padà fún àwọn.

Adúnní Ìlawẹ̀
"Ulé"! Ẹnìkan ti sọ èdè wa níkẹyìn. Láti òkè ni gbogbo yín ti ń pe ilé bí ọmọ Ìbàdàn.

Bàbá Ìjerò
Ṣé a ó máa kọ usu àti uyán níbí báyìí? Àwọn ará Ọ̀yọ́ á ní a ò mọ̀wé.

Adúnní Ìlawẹ̀
Àwọn ni wọn ò mọ uyán gún.

Tíṣà Àgbà
Ẹ padà sídìí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Káfíńtà Ajílòṣùn
Ohun tí Ọmọ Ẹ̀fọ̀n sọ, òótọ́ ni. Bílọ́ọ̀kù tín-ín-rín máa ń gba ooru lọ́sàn-án, á wá máa dá a padà sínú ilé lóru. Ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri yẹn ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Ìyá Ìbejì Bàsírì
Mo gbé e lé e lánàá! Ó móoru bí ẹni tí ibà ń ṣe. Omi táǹkì ńkọ́? Dúdú ni táǹkì wa, orí ilé ló wà. Ní aago mẹ́rin, ẹ̀rọ tí mo bá ṣí, omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì ni.

Ọmọ Olósùnta
Ìkọ̀gòsì ní omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbígbóná. Tiyín ò pé.

Àfín Ni Mí
Mo ń ka gbogbo yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi, kí n tó bi ẹ́jẹ́ǹtì ní iye owó, mo máa ń bi í pé yàrá wo ni oòrùn kì í dé. Wọ́n á rò pé mò ń ṣe fáàrí. Ilé kan tí mo gbé rí, ẹsẹ̀ fèrèsé ni mo gbé tábìlì iṣẹ́ mi sí, mo rò pé gíláàsì ti dí i. Apá kan nínú agbára oòrùn ń gba inú gíláàsì kọjá. Kó tó pé ọdún kan, apá òsì mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti yàtọ̀ sí ọ̀tún. Dókítà awọ ló ṣàlàyé fún mi. Bébà páálí ni mo fi bo fèrèsé yẹn títí mo fi kó lọ, mo sì ń san owó ilé "olójú mímọ́lẹ̀".

Ayálégbé Òkè-Ìlá
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì Adó
Ó ṣeun tó o sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá ní àfín nílé, ẹ jẹ́ kí dókítà máa yẹ awọ wọn wò.

Onísólà Ìfàkì
Kí n sọ ọ̀kan kí n máa lọ: ẹ má gbé bátìrì sólà sí irú pálọ̀ yẹn o. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì ń fẹ́, ooru ń dín agbára rẹ̀ kù, bátìrì gan-an ń tètè bàjẹ́ nínú ooru. Oníbàárà mi kan gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé torí kó lè máa rí i.

Káfíńtà Ajílòṣùn
Ìyá Ìbejì, èyí tó kéré lówó jù nìyí. Kọ́tínì inú ilé kò ní ṣe nǹkan púpọ̀, torí ooru ti wọlé tán kó tó bá kọ́tínì. Ìta fèrèsé ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ fa etí òrùlé gùn, mo tàn yín jẹ: oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti wálẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló máa gbà. Ẹní ni kẹ́ ẹ so síta, kó fi díẹ̀ jìnnà sí gíláàsì kí atẹ́gùn lè kọjá láàárín. Lálẹ́, ẹ ká a sókè.

Ìyá Ìbejì Bàsírì
Mo dúpẹ́ sà. Ọjà Ọba ni mò ń lọ lọ́la.

(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)

Ìyá Ìbejì Bàsírì
Mo ti so ó. Ẹní méjì. Àwọn ìbejì ti padà sí pálọ̀, lánàá ni wọ́n ya bírò sára ògiri. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù pè láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé mo so ẹní mọ́ ilé òun bí ilé ẹlẹ́wà.

Ayálégbé Òkè-Ìlá
Ẹ má fún un ní ẹmu o.