Ṣé efinrin lè dípò tulsi fún ikọ́ ọmọ?

Bàbá Ìbejì Odógunyàn
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá wa kan níbi iṣẹ́ jẹ́ ará Íńdíà, Assam ni wọ́n ti wá, ibi tí wọ́n ti ń gbin ewé tíì. Ọmọ mi kan tó jẹ́ oṣù 8 ń wúkọ́, imú ẹ̀ ń ṣomi ṣáá, mo wá ń ráhùn, ni ọ̀gá bá ní nílé àwọn, ewé kan tó ń ta sánsán tí wọ́n ń pè ní tulsi ni ìyá àwọn máa ń gún, wọ́n á fún omi ẹ̀, wọ́n á po oyin àti omi atalẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fi ṣíbí kékeré fún ọmọ lá. Mo já efinrin lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ bá wọn, wọ́n fìka ra á, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n òun kọ́. Ìyá àwọn ọmọ ní ká sáà lo efinrin, ṣebí mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́wé Ọmọ Ṣábó
Efinrin témi mọ̀, inú ló wà fún. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ra á sómi, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kéèyàn mu ún. Mi ò tíì rẹ́ni tó torí ikọ́ ọmọ ọwọ́ wá ra efinrin nìkan lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọmọ mi fi fọ́tò tulsi yẹn hàn mí lórí fóònù, ó fi díẹ̀ jọ efinrin wẹ́wẹ́ àmọ́ igi ẹ̀ nírun lára, èyí tó dúdú nínú wọn pọ́n bí àlùbọ́sà. Oògùn tí ò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan, ẹ ò wá lè fi ewé míì dípò ẹ̀ kẹ́ ẹ máa retí pé kó jẹ́.

Jẹ́jẹ́ Laiyé
Ẹ fi efinrin sílẹ̀ fún ata ẹja jàre 😂

Bọ̀dá Ìjẹ̀dẹ́
Guwahati ní Assam yẹn ni mo ti kàwé, létí odò Brahmaputra, kí n sọ èyí tí mo fojú rí. Ilé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù níbẹ̀, àárín àgbàlá ni tulsi máa ń wà, wọ́n á mọ ibi gíga fún un, ìyá ilé á wẹ̀ kó tó já a, tílẹ̀ bá sì ti ṣú kò sẹ́ni tó máa já a mọ́. Láàárín oṣù Ọ̀kitóbà wọ́n ń ṣe ọdún kan tó ń jẹ́ Kati Bihu, ìgbà yẹn oúnjẹ inú abà ti ń tán, ìrẹsì ò sì tíì gbó lóko, wọ́n á tan fìtílà amọ̀ sídìí tulsi nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún tan òmíì sóko. Ẹni tó bá ń kú lọ pàápàá, wọ́n máa ń gbé e tẹ́ sídìí ẹ̀. Kì í ṣe ewé tí wọ́n kàn ń já bó ṣe wù wọ́n.
Ti oyin àti atalẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lóòótọ́. Àwọn míì máa ń fi ewé kan tó ń jẹ́ bahak kún un tí ikọ́ bá le, ó korò burúkú! Ẹni tí ò ráyè gún tulsi á já a sínú tíì. Oríṣi tulsi méjì ló wọ́pọ̀, Rama tó ní àwọ̀ ewé, àti Krishna tó dúdú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Bàbá ìbejì, ẹ gbọ́ tèmi kíákíá. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1, ẹ má fi oyin kàn án lẹ́nu rárá, ì báà jẹ́ ti tulsi, ì báà jẹ́ ti efinrin. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn àgbà máa borí ẹ̀, tọmọ ọwọ́ ò ní lè borí, ara ọmọ á rọ̀, kò ní lè fa ọmú, èémí ẹ̀ gan-an lè dá. Ẹ máa fún un lọ́mú léraléra, kẹ́ ẹ ra omi oníyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ní kẹ́mísìtì. Tó bá ń mí gúlegúle, tí àyà ẹ̀ ń wọnú, tàbí tó kọ ọmú, ọsibítù tààrà, ẹ má dúró gún ewé kankan.
Fún àgbà, èròjà tó wà nínú kànáfùrù, eugenol, wà nínú tulsi, ó wà nínú efinrin náà, àmọ́ efinrin míì wà tó jẹ́ pé èròjà míì tó ń jẹ́ thymol ló pọ̀ nínú ẹ̀, torí náà iṣẹ́ wọn ò lè rí bákan náà. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, kó sọ fún dókítà kó tó máa mu tulsi lójoojúmọ́, aláboyún náà. Àgbà tó bá sì ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, ọ̀fẹ́ ni ní ọsibítù ìjọba.

Bàbá Ìbejì Odógunyàn
Ẹ ṣé gan-an ma. Mo ti pe ìyá wọn pé kó gbé oyin yẹn kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá ń lọ sílé ní Ọ̀kitóbà, màá bá ara mi béèrè irúgbìn tulsi.

Ìyá Ẹlẹ́wé Ọmọ Ṣábó
Tó bá dé, ẹ bá mi yọ díẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìgbógbò. Ẹ̀gbẹ́ ibòmíì ni màá gbìn ín sí o, kí n má lọ já a mọ́ efinrin tà fáwọn oníbàárà mi, kí wọ́n má lọ fi se ata ẹja, kí wọ́n wá máa bi mí pé kànáfùrù wo ni mo tà fáwọn.