Ẹ gbà mí o, kọ́ìlì metal detector (ẹ̀rọ tó ń wá irin) tí mo fọwọ́ wé ń dún lórí koríko tútù
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, pulse induction ni mo ń ṣe (irú èyí tó ń rán iná sínú kọ́ìlì ní ìdákúrekú, tó sì ń gbọ́ ohun tó padà wá), mo wé wáyà kọ́pà 0.5 mm ní ìgbà 25 yí ike tó fẹ̀ tó 20 cm ká, mo fi téèpù dì í pinpin, ó ń gbé owó ẹyọ dáadáa (ìyẹn ni pé ó ń dún tó bá rí i) nínú ilé àmọ́ tó bá ti kan koríko tútù báyìí á kàn máa dún ṣáá láìsí irin kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kí n fi fóìlì wé e kí ẹnu ẹ̀ méjèèjì má kanra, kí n wá so ó mọ́ ground (ojú odo iná nínú ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀), ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ máa gbé fóìlì yẹn gan-an. Ṣé ọ̀dà graphite (ọ̀dà dúdú tó ń gba iná kọjá) ò ní dáa jù? Ṣé màá tún pààrọ̀ damping resistor (resistor tó ń mú kí iná inú kọ́ìlì tètè rọlẹ̀)? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí kó dá mi lóhùn.