Ìmọ̀ràn: kí ni kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ́kọ́ mú ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé-Èkìtì: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí mọ́ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ládùúgbò wa. Ìjì ti ṣí òrùlé kíláàsì kan, olùkọ́ kò tó, àwọn òbí tó rọ́wọ́ họrí sì ti ń kó ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ìyá Ìbejì. Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ olùkọ́ pọ̀ mọ́ ti òrùlé. Àjọ SUBEB, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síṣẹ́, tó sì ń pín wọn káàkiri ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ìwé ti gbéra. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ iye ọmọ àti iye olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà, bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà gan-an, kí alága yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tí ẹ óò mú padà, nítorí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ kò ṣòro láti sọ pé a kò rí.

Ọmọ Adó: Ní ti òrùlé, ẹ pe káfíńtà àti bíríkìlà àdúgbò sí ìpàdé, kódà bí wọn kò bá lọ́mọ níbẹ̀. Kí ìpàdé má bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí ẹ sì fi ẹ̀ka èdè wa sọ̀rọ̀, kí àwọn ìyá má kàn jókòó gbọ́ lásán.

Agbẹjọ́rò Èkìtì: Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì sí mi. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìparí JSS (ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama), di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ẹ lè tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá a, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ tìtorí owó ìgbìmọ̀ lé ọmọ ẹnikẹ́ni sílé. Ọmọ aláìní gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wà fún.

Ìyá Ìbejì: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fẹ́ dáwó pánù. Àkáǹtì ta ni kí wọ́n san án sí?

Olùkọ́ Àgbà: Kí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan, kí ẹ sì lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.